Ilẹ̀ Tó Yọ Ikùn Létí Odò

Nígbà tí Bàbá Sàlámì kú ní Ìgándó, ilẹ̀ kan tó fi sílẹ̀ ní Ẹ̀gàn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì. Ọdún 1988 ni. Ilẹ̀ náà gún régé lápá ọ̀nà, ṣùgbọ́n odò kékeré kan gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Lápá ọ̀tún, odò náà tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ilẹ̀ sì yọ ikùn síbẹ̀.

Àmúsà tó jẹ́ àgbà, kápẹ́ńtà ní Dopemu, ló pín in. Ó mú apá òsì tó fẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì fún Sàkàrìyáù àbúrò rẹ̀ ní apá ọ̀tún, tòun ti ikùn rẹ̀. Sàkàrìyáù fárígá. Ó ní ikùn tí wọ́n ń sọ yẹn, igbó ọparun lásán ni, wọ́n kàn fi tan òun jẹ ni. Àwọn tó ń gbé rédíò wá fún un tún ṣe ní Ìyànà Ìpájà pàápàá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé olè ni ẹ̀gbọ́n òun. Sáfíyọ̀ tí ẹ̀gbọ́n bá mú wá wọn ilẹ̀, àbúrò ò gbà. Èyí tí àbúrò bá mú wá, ẹ̀gbọ́n ò gbà. Ọdún Iléyá dé, wọn ò kí ara wọn. Àbẹ̀bí, ìyá wọn, kò fọwọ́ kan ẹran.

Èyí ló ká Sìdíkátù, arábìnrin wọn, lára. Òun ni wọ́n bí tẹ̀lé Àmúsà, ìpín tirẹ̀ sì ti wà nínú ilé Ìgándó. Tíṣà ìṣirò ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹgbẹ́dá. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti pàdé òun lórí ilẹ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n oníkálùkù dúró sápá tirẹ̀.

Sìdíkátù wọn ibi tó gún tán, ìyẹn ò ṣòro. Ó wá ta okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ikùn náà dé ìparí rẹ̀, ó kan èèkàn mọ́ ibi tí odò ti jìnnà sí okùn jù lọ, ó sì na okùn láti orí èèkàn náà sí ìkángun méjèèjì. Onígun mẹ́ta ńlá kan jókòó sínú ikùn náà.

Sàkàrìyáù ní, “Àǹtí mi, eléyìí ò kún un. Ilẹ̀ ṣì kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.”

“Mo mọ̀. A ó fi onígun mẹ́ta kéékèèké sí ìyẹn náà.”

“Èyí tó bá tún wá kù ńkọ́?”

“A ó tún fi síbẹ̀.”

“Títí dìgbà wo, jàre?”

Sìdíkátù na ẹ̀yìn rẹ̀. “Kò lópin, Sàkàrìyáù. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tá a bá fi sí i, ó kéré tán, ìlàjì ohun tó kù ló ń lọ. Tó bá yá, ohun tó kù á kéré ju ohun tí ọmọ ìyá méjì lè torí rẹ̀ bínú síra wọn. Báyìí làwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ ṣe ń wọn ohun tó bá tẹ̀, kí Kùránì tó sọ̀ kalẹ̀ rárá.”

Àmúsà tí ò tíì sọ̀rọ̀ látàárọ̀ béèrè pé, “Bó o bá wá wọ̀n ọ́n kù ńkọ́?”

“Wọ́n ro ìyẹn náà, Bọ̀dá mi. Wọ́n á tún wọ̀n ọ́n látìta, wọ́n á fa ìlà gbọọrọ tó kàn fara kan etí rẹ̀. Tinú kéré jù, tìta tóbi jù. Òótọ́ wà láàárín méjèèjì.”

Àmúsà fúnra rẹ̀ gbé àdá, ó ṣán ọparun kí okùn lè kọjá. Nígbà tí oòrùn mú, Sìdíkátù jókòó sábẹ́ igi, ó ṣírò. Ó tún un ṣírò.

“Sàkàrìyáù,” ó ní, “kódà tá a bá mú tinú tó kéré jù yẹn, tìrẹ tóbi ju ti Bọ̀dá lọ.”

Sàkàrìyáù wo odò, ó wo okùn, ó wá dọ̀bálẹ̀ sínú ewé ọparun. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká sún ààlà.”

“Dìde,” ni Àmúsà wí. “Èmi náà ò mọ̀. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ilẹ̀ ló dùn mí. O pè mí lólè nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ sàréè Bàbá ò tíì gbẹ.”

Ẹkún gba Sàkàrìyáù lẹ́nu. Àmúsà dúró pẹ́ kó tó na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ lọ sọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ìgándó. Nígbà tí ìyá náà rí wọn lẹ́nu ọ̀nà pa pọ̀, kò béèrè ta ló jàre. Ó kàn ní kí wọ́n wọlé, pé wọn ò tíì jẹun.

Ọkàn Àmúsà ò rọ̀ lọ́jọ́ kan. Fún ìgbà pípẹ́, bí Sàkàrìyáù bá kí i, á dáhùn, kò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Sàkàrìyáù padà lọ sún ààlà síbi tí Sìdíkátù fi hàn án, kò sì sẹ́ni tó rán an. Àmúsà bá a níbẹ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè.

“Èèkàn yẹn ti wọ́,” ó ní. “Dì í mú, jẹ́ n kàn án.”