Fáàfù Tí Yanrìn Jẹ

Ẹnu kànga epo kan náà ni Adúmáadán àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ ló kọ́ ọ níṣẹ́ ọ̀hún. Òun ló fi yé e pé ilẹ̀kùn irin pẹlẹbẹ kan wà nínú fáàfù ńlá tó wà lórí kànga: téèyàn bá yí ọwọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn á gòkè, epo á kọjá, tó bá yí i padà, á sọ̀ kalẹ̀, á dí ọ̀nà pa.

"Ṣí i tán, tàbí kó o tì í tán," ọkọ máa ń sọ. "Tó bá dúró lágbede méjì, yanrìn inú epo á jẹ irin yẹn bí ayùn."

Ìgbà kan wà tí Adúmáadán lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ọkọ ń dá iṣẹ́ ṣe. Lọ́jọ́ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, páìpù kan bẹ́ nísàlẹ̀. Ó sáré yí fáàfù títí tí kò lè yí mọ́. Epo ò dúró. Epo gbígbóná bó o lápá kí àwọn yòókù tó rí fáàfù kejì tì.

Ọ̀gá bi wọ́n léèrè. Ọkọ wolẹ̀. "Mo ṣí i tán kí n tó lọ sílé, sà. Bóyá ìyàwó mi ló ṣì í yí."

Wọ́n ní kí Adúmáadán lọ jókòó sílé. Láràárọ̀, ọkọ ń bá a fọ egbò, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń pè é ní olólùfẹ́.

Ìgbà tí wọ́n tú fáàfù palẹ̀, ọ̀gá ránṣẹ́ pè é. Yanrìn ti gbẹ́ kòtò sójú ilẹ̀kùn irin náà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́. Adúmáadán fọwọ́ kàn án, omi lé sí i lójú.

Ó bá ọkọ nílé tó ń lọ aṣọ.

"Dádì, ẹ ṣí i dé àárín nígbà tí mi ò sí."

Ọkọ gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Ohun tá a fi ń dín epo kù ló bàjẹ́. Mo ní kí n fi fáàfù dín in ná. Ká ní mo jẹ́wọ́, wọn ì bá lé mi. Ìwọ, mo rò pé wọ́n á ṣàánú ẹ."

"Ẹ̀yin lẹ ń fọ egbò yìí fún mi. Ẹ mọ̀, ẹ ń fọ̀ ọ́!"



Wọ́n dá ọkọ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gbé Adúmáadán lọ sí kànga mìíràn. Inú yàrá àwọn ọmọ ló ń sùn báyìí. Ọkọ ti rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Adúmáadán fún ẹ̀gbọ́n lómi mu, ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kò sì dárúkọ ọkọ rárá.