Aṣọ́nà Tí Kì Í Kánjú Sọ̀rọ̀

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Baba Ìròyìn fi ka ìròyìn lórí rédíò, òfin kan ṣoṣo ló sì wọ̀ ọ́ lára: ohùn kò gbọdọ̀ dá. Bí ìwé bá já bọ́ lọ́wọ́ rẹ, sọ̀rọ̀. Bí ikọ́ bá ń gbé ọ, sọ̀rọ̀. Kí ìdákẹ́jẹ́ tó pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ọ̀gá á ti máa sáré bọ̀ bí ẹni pé ilé ń jó.

Wọ́n ti ilé iṣẹ́ rédíò náà pa, omi tán lẹ́yìn ẹja. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gba ohùn sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fi ohùn Yorùbá sínú fíìmù òkèèrè. Òun ló bẹ ọ̀gá rẹ̀ fún iṣẹ́, tó sì fi ara rẹ̀ dúró fún bàbá rẹ̀. Ọ̀gá náà, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, ní ìgbà mẹ́ta péré ni òun máa dán an wò. Àwọn mìíràn ń dúró níta.

Fíìmù àwọn ará Japan ni, tí wọ́n fọwọ́ yà. Baba kò wo irú rẹ̀ rí, ó ti gbà pé eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ó gbàgbé tíì ọwọ́ rẹ̀. Ta ló ráyè ya omi òjò tó ń kán létí òrùlé, tó tún jẹ́ kó kán tán? Ọmọdébìnrin kan ń wá ìyá rẹ̀ tó ti di ẹyẹ. Ó dé ẹnu ọ̀nà kan tí ẹranko onírun funfun ń ṣọ́, ẹranko tó tóbi tó ilé. Ó ní, "Níbo ni ìyá mi wà?" Ẹranko náà wò ó títí, kó tó sọ pé, "Wọlé." Ohùn ẹranko yìí ni Baba máa ṣe, ọ̀rọ̀ tó sì máa sọ kò ju ìyẹn lọ.

"Ọ̀rọ̀ kan?" Baba ní. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é kí tíì mi tó tutù."

Ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ náà béèrè, ẹranko dákẹ́, ara Baba kò gbà á. "Ìyá rẹ wà ní àlàáfíà, ọmọ mi, má mikàn rárá, wọlé."

"Bàbá, ẹranko yẹn ò sọ gbogbo ìyẹn," ọ̀gá wí.

"Ẹ má bínú. Mo rò pé ó gbàgbé ni."

Lẹ́ẹ̀kejì, ó fi eyín di ètè mú. Ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó sì pariwo "Wọlé" nígbà tí ẹnu ẹranko ṣì wà ní pípadé. Ọ̀gá wo aago. Lẹ́yìn gíláàsì tó yà wọ́n sọ́tọ̀, ọmọ rẹ̀ dorí kodò.

Ohùn ọmọ rẹ̀ wá bọ́ sí i létí nínú ohun ìgbọ́rọ̀ tó fi bo etí.

"Bàbá mi, ẹ rántí ọjọ́ tí mo bi yín pé níbo ni màmá mi wà?"

Ó rántí. Ọmọ ọdún méje ni, báàgì ilé ìwé ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Baba ní màmá rìnrìn àjò, ó ní dókítà ń tọ́jú rẹ̀, ó ní yóò ra bàtà bọ̀. Ó sọ ọ́ sọ ọ́ títí ọmọ fi sùn lọ, bẹ́ẹ̀ òkú màmá ti wà nílẹ̀ láti àárọ̀.

"N ò fẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ wò mí ni."

Àwòrán tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọdébìnrin béèrè. Baba kò ka nǹkan kan mọ́. Ó ń wo ojú ọmọ náà, ó dùn ún wọ egungun, ó sì jẹ́ kó dùn ún. Nígbà tí ẹranko lanu, ohùn Baba jáde wẹ́rẹ́, ó gbọ̀n díẹ̀.

"Wọlé."

Ọ̀gá kọ nǹkan sínú ìwé. "Ẹ padà wá láàárọ̀ ọ̀la, Bàbá. Iṣẹ́ mìíràn ṣì kù."

Ọmọ rẹ̀ jáde wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun Baba, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ó wò ó títí, títí ọmọ náà fi wá jókòó tì í.

"Tíì yín ti tutù," ó ní.

Baba gbé e, ó mu ún bẹ́ẹ̀.