Ìyá Tí Kò Lọ́mọ, Nọ́ńbà Kẹta Nínú Ogójì

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù. Mo ti ṣe é títí, ó ti tán lọ́wọ́ mi.

Dókítà eléyín ni mí. Eyín ni mo ń yọ jẹun, owó eyín náà ni mo sì fi ń ra àwòrán. Kì í ṣe àwòrán òdòdó inú ìkòkò o. Ti àwọn tó ń kun ara ògiri ìgboro ni mo fẹ́ràn. Tí ayàwòrán bá kùn ún sára ògiri tán, á tẹ irú rẹ̀ sórí bébà tó nípọn, ogójì tàbí àádọ́ta péré. Á fi pẹ́ńsù kọ orúkọ àwòrán náà àti nọ́ńbà rẹ̀ sísàlẹ̀, á sì buwọ́ lù ú. Mo ní mẹ́tàlélógún lára ògiri ilé mi. Púlọ́ńbà ni ọkọ mi, kò sì yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ohun tí gbogbo ayé ń wò lọ́fẹ̀ẹ́ lójú títì ni ìyàwó mi ń fowó rà. Tó bá yá, òjò ni yóò máa rà." Mo máa ń dá a lóhùn pé omi ẹ̀rọ nìkan ló yé e.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọ̀gbẹ́ni tó ń ta àwòrán fún mi pè mí pé ọjà tuntun dé. Ẹlẹ́nu Dídùn ni mo sọ ọ́, nítorí tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó, èèyàn á gbàgbé pé ebi ń pa òun. Ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó rọra fa bébà kan yọ, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Ìyá mi ni mo rí.

Ẹ má bi mí bóyá ó dá mi lójú. Wọ́n jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ìborí búlúù tí mo rà fún wọn ló wà lórí wọn. Eyín iwájú wọn tó kán, tí mo ti bẹ̀ wọ́n títí kí n bá wọn tún un ṣe, òun náà wà níbẹ̀. Mọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì fara ti ògiri lẹ́yìn wọn.

Inú mi kọ́kọ́ dùn, n kò ní purọ́. Ìgbà tó yá ni mo wá ka ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sísàlẹ̀: Ìyá Tí Kò Lọ́mọ. 3/40.

"Ẹ wo ojú obìnrin yìí," Ẹlẹ́nu Dídùn ń bá tirẹ̀ lọ. "Ẹ wo ẹsẹ̀ yẹn. Ta ni yóò bá a fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́? Kò lẹ́nì kan."

"Pa ẹnu rẹ dé," mo ní.

Ó pa á dé. Mo ra àwòrán náà, nítorí n kò lè fi ìyá mi sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀ kó máa fi wọ́n polówó fún oníbàárà. Mo gba àdírẹ́sì ayàwòrán, mo sì fi ìbínú wa mọ́tò débẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé àwọn tó ń tún táyà ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́. Bébà tútù kún ibẹ̀, ó sá wọn sórí okùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ọmọkùnrin náà kò ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ọ̀dà wà lára rẹ̀ títí dé ọrùn.

"Ta ló sọ fún ọ pé ìyá mi ò bímọ?" Mo na bébà náà sí i nímú. "Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, èmi nìyí! Àbí inú igbó ni wọ́n ti he mí?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀."

"N kò ní farabalẹ̀!"

"Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ màmá kí n tó yà wọ́n. Wọ́n máa ń wá jókòó fún mi tí wọ́n bá ti ṣíwọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni ká pè é, orúkọ tí wọ́n sọ nìyẹn. Mo ní ó ti le jù. Wọ́n ní tí mi ò bá fẹ́ kọ ọ́, kí n yáa fi ọ̀dà funfun pa àwọn rẹ́ lára ògiri."

"Irọ́ ni! Ẹ̀yin ayàwòrán ń fi ìyà ọmọlọ́mọ wá oúnjẹ."

Ó wo àpò mi, ó wo bébà tó wà lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀yin náà lẹ rà á, mà."

Mo kúrò níbẹ̀, mo fi ilẹ̀kùn rẹ̀ gbá ògiri.

Ìyá mi ń lọ aṣọ iṣẹ́ wọn nígbà tí mo dé ilé wọn. Òkè ibùsùn wọn ni àwòrán kan náà wà, wọ́n fi píìnì mẹ́rin kàn án mọ́ ògiri. N kò kúnlẹ̀, n kò kí wọn.

"Kí ni mo fi ṣe yín? Kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ fi ń sọ kiri ìgboro pé ẹ ò bímọ?"

Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Jókòó."

"Mi ò jókòó."

"Ó dáa, dúró. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwa tó ń nu ilẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn tí o ti ń ṣiṣẹ́, ò ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá mẹ́rin kan tó wọ kóòtù. Mo rẹ́rìn-ín sí ọ. Kí lo sọ?"

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo ti ń sá fún ìbéèrè yẹn. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé.

"Mo ní, kí lo sọ?"

"Mo ní ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bí o ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn bi ọ́ bóyá o mọ̀ mí. O ní ọ̀kan nínú àwọn tó ń nu ilẹ̀ ni."

"Àwọn ló fẹ́ sọ mí di ọ̀gá ilé ìwòsàn yẹn, mà. Ẹ̀rù ló bà mí."

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìwọ, o ò tilẹ̀ na ọwọ́ kankan." Ìbínú wà lóhùn wọn. "Mọ́ọ̀pù yẹn ni mo fi rán ọ níléèwé. Tí wọ́n bá ti bi mí báyìí pé ọmọ mélòó ni mo ní, mo máa ń sọ pé mi ò bí. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀."

Mo gbójú sókè kí n má bàa wo ojú wọn, mo wá rí i pé nọ́ńbà wà lábẹ́ àwòrán tiwọn, ìbuwọ́lù wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ ń wà ṣófo.

"Mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún mi," wọ́n ní.

Mo fa pẹ́ńsù yọ nínú àpò mi. "Ẹ gbà, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé ìyá mi ni yín."

Wọ́n gba pẹ́ńsù náà. Wọ́n fi sí àpò àyà aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ̀. "Mo fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìwọ máa pè mí."

Ní Mọ́ńdè, àwọn ọlọ́kóòtù náà tún wá sí ilé ìwòsàn. A ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi ń nu ilẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wa, pẹ́ńsù mi sì wà ní àpò àyà wọn. Kí n tó ya ẹnu, ìyá mi ti tẹrí ba.

"Ẹ kú iṣẹ́, dókítà."

Inú bí mi sí wọn, ó bí mi sí ara mi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọlọ́kóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí pé, "Ṣé ẹ mọ obìnrin yìí ni?"

"Ìyá mi ni!" Mo pariwo débi pé aláìsàn kan tí òwú wà lẹ́nu rẹ̀ yọjú jáde. "Ìyá tó bí mi! Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní rèé!"

Ìyá mi kò dá mọ́ọ̀pù dúró. Wọ́n nu ilẹ̀ náà títí ó fi kan bàtà mi.

"Mo ti gbọ́," wọ́n ní, wọn ò wò mí. "Gbẹ́sẹ̀, jẹ́ n nu ibẹ̀."