Oyún Inú Omi

Ní ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa, dókítà fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun Rẹ̀mílẹ́kún, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ojú ibẹ̀ jin sínú, kò tètè kún padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́ lókè díẹ̀, bákan náà ló rí. Obìnrin ni dókítà yìí, kò tíì dàgbà púpọ̀.

"Mọ́mì, ta ló sọ fún yín pé ẹ lóyún?"

Rẹ̀mílẹ́kún ní ìyá agbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní Erínjẹ ni. Wọ́n fi ọwọ́ wo ikùn òun, wọ́n ní ọmọ wà níbẹ̀, pé ṣe ló ń sá pamọ́. Nǹkan oṣù òun náà ti dáwọ́ dúró. Kí ni òun ìbá tún pè é?

"Kò sí ọmọ níbẹ̀, mà. Mo ti wò ó nínú àwòrán. Omi ni. Ọkàn yín ló ti rẹ̀, kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara dáadáa mọ́, ni omi ṣe ń dúró sí ẹsẹ̀ àti ikùn. Òun náà ló ń mú kí ó máa rẹ̀ yín."

Ó fún un ní oògùn tí yóò máa mú un tọ̀, ó ní ikùn náà yóò fà. Lẹ́yìn náà kí ó lọ rí àwọn oníṣègùn ọkàn ní Àkúrẹ́, kó má fi falẹ̀, torí irú omi yìí ń pa ènìyàn.

Àárẹ̀ náà ti pẹ́. Púpurú ni Rẹ̀mílẹ́kún ń ṣe tà, iṣẹ́ yẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ: kí a rẹ ẹ̀gẹ́, kí a fún un, kí a mọ ọ́n róbótó, kí a tò ó sórí àjà, kí a sì jókòó ti èéfín rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle nídìí àjà, ìyá ọkọ rẹ̀ ní ìmẹ́lẹ́ ni. Ó lo oògùn ibà, ó mu àgbo, kò sí èyí tó ràn án. Àfi ìgbà tí ikùn yọ. Lójú ẹsẹ̀, àárẹ̀ di àárẹ̀ aboyún, ẹsẹ̀ wíwú di ẹsẹ̀ aboyún, kò sí ẹni tó tún béèrè nǹkan kan mọ́.

Ẹni tí ìyá ọkọ ń pè ní "obìnrin yìí" di "ìyàwó mi". Màmá ní aboyún kì í jókòó ti èéfín, ó sì gba iṣẹ́ púpurú ṣe. Ambrose ọkọ rẹ̀, tí kì í fẹ́ bá a jẹun tẹ́lẹ̀, wá ń bó ọsàn fún un. Irú ìfẹ́ wo ló ń dúró de ikùn kó tó yọjú? Ṣùgbọ́n Rẹ̀mílẹ́kún gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí ebi rẹ̀ ti pa á pẹ́. Ìgbà tí kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́ ni ẹ̀rù bà á, tó fi purọ́ pé òun ń lọ ra aṣọ ọmọ ní Òkìtìpupa, tó sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Nígbà tó délé, Màmá àti Ambrose wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá béèrè aṣọ ọmọ. Rẹ̀mílẹ́kún jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, ó sì fi oògùn hàn wọ́n.

Màmá ní ohun tí wọ́n sọ fún Agatha ará Òṣòòrò gan-an nìyẹn, ìbejì ló sì padà bí. Ó na ìka sí Rẹ̀mílẹ́kún.

"Bí o bá gbé oògùn yẹn mì, ìwọ lo pa ọmọ ọmọ mi."

Ambrose kò pariwo. Ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀.

"Rẹ̀mí, dúró di ìgbà ìbí ná. Bí a bá dé ibẹ̀ tí kò sí ọmọ, kí o wá lò ó."

"Ọkọ mi, bí mo bá kú kó tó dìgbà yẹn ńkọ́?"

Ikùn rẹ̀ ni Ambrose ń wò, kò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bí ọmọ ná," ló wí.

Ohun tó dun Rẹ̀mílẹ́kún jù ni pé òun náà fẹ́ gbà. Díẹ̀ ló kù kó kó oògùn náà pamọ́. Ṣùgbọ́n kò lè mí dáadáa níbi tó jókòó sí, àwọn méjèèjì sì ń wo ikùn náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù ara rẹ̀. Ó dìde, ó bu omi, ó gbé oògùn mì lójú wọn.

Kò pẹ́ tí ìtọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ ẹ̀yìnkùlé, ó ń bọ̀. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún, ó ń pe Olúwaṣèyífúnmi, orúkọ tó ti sọ ọmọ náà. Àwọn aládùúgbò wá, wọ́n ní Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Wọ́n bọ Ambrose lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó kí Rẹ̀mílẹ́kún, torí ta ló ń kí apànìyàn?

Òun náà sunkún ní ẹ̀yìnkùlé, ọwọ́ lórí ikùn. Òun náà ti ń pe orúkọ yẹn nígbà tó bá dá wà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ikùn náà ti fà díẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á, ó tún sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó bu omi, ó sì lo oògùn ti ọjọ́ kejì.