Kànga Mi Lórí Máàpù Bọ́lárìnwá

Ní ọdún 1974, wọ́n ní kànga mi ló ń kó ìgbẹ́ gbuuru ran àwọn ọmọ Ìwáyà. Kànga èmi Gertrude, tí mo ń fi ọṣẹ fọ ìdérí rẹ̀ ní gbogbo Sátidé!

Ọmọ yunifásítì kan, Bọ́lárìnwá, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Ó ti fi oṣù kan ka ilé, ó ka kànga, ó sì béèrè ọmọ tó ṣàìsàn. Ó tẹ́ máàpù àdúgbò wa sórí tábìlì mi. Ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lé e, irú èyí tí èèyàn ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀: àwọn kànga nìyẹn, ní yíǹkì búlúù. Ó tún fi òmíràn lé e: ilé àwọn ọmọ tó ṣàìsàn, ní pupa. Ilé pupa mẹ́sàn-án ló yí kànga mi ká bí eṣinṣin ṣe ń yí àwo ẹja ká.

"Ẹ má bínú, Mà. Lọ́la ni mo máa fi han àwọn wolé-wolé. Wọ́n lè dí kànga yín pa."

Orí mi gbóná. Mo na ìka sí ilé pupa kan. "Ta ló ni èyí?"

"Bàbá Àkàngbé."

"Àkàngbé tó pe ewúrẹ́ mi lólè? Ọdún kejì rèé tí wọn ò pọnmi lọ́dọ̀ mi! Èyí ńkọ́?"

"Àǹtí Sàúdátù."

"Ó ní orin ṣọ́ọ̀ṣì mi ò jẹ́ kóun sùn. Nítorí tiẹ̀ ni mo ṣe fi àgádágodo sí kànga!"

"Ṣùgbọ́n kànga yín ló sún mọ́ wọn jù, Mà."

"Ṣé máàpù ẹ mọ ẹni tí kì í kí ara wọn?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ bébà kẹta. Mo ń tú ìjà mi sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi yíǹkì àwọ̀ ewé yí ilé wọn po. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Nígbà tó fi bébà náà lé àwọn tó kù, kò sí ilé pupa kan tí kò ní àmì ìjà.

"Níbo wá ni wọ́n ti ń pọnmi?"

"Kànga ẹ̀yìn ṣáláńgá, lọ́nà ọ̀sà. Ìyẹn ò ní kọ́kọ́rọ́."

Ó fò sókè. "Kànga yín mọ́, Mà! Ẹ ti bọ́!"

Mo jó díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tún wo bébà wọ̀nyẹn. Ọmọ kékeré Sàúdátù, tó máa ń wá jókòó ti ewúrẹ́ mi, kò tíì dìde láti ọjọ́ Àìkú. Ojú tì mí gan-an.

Bọ́lárìnwá ń béèrè orúkọ tó yẹ kóun kọ sórí bébà kẹta. Mo mú kọ́kọ́rọ́ kànga, mo lọ kan ilẹ̀kùn Sàúdátù.