Kámẹ́rà Tí Yóò Bá Wa Rìn

Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ni ọkùnrin yìí yà jẹun láyé rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún náà ló sì sọ ọ́ ní Má-rẹ́rìn-ín. Ẹni yòówù tó bá jókòó síwájú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ohun kan náà ni yóò gbọ́: gbé àgbọ̀n sókè, wojú mi, má rẹ́rìn-ín. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé bí ikú bá wá mú un, yóò kọ́kọ́ ní kí ikú ṣí fìlà. Ọ̀rọ̀ náà kì í bí i nínú. Ó ní òótọ́ ni wọ́n sọ, pásípọ́ọ̀tù kò gba fìlà.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyàwó rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin náà ń fẹ́ kí orúnkún rẹ̀ tó kọ̀ fún un: kí òun àti ọkọ òun wọ ọkọ̀ ojú irin, kí wọ́n máa lọ láti ìlú dé ìlú títí ọdún yóò fi yípo. Ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù tó ti ṣiṣẹ́ ni ojú irin gbà kọjá. Nígbà tí bàtà rẹ̀ já, tó ń fi báńdéèjì dè é mọ́ ẹsẹ̀ títí oṣù fi parí, ọkọ̀ náà ń kọjá. Nígbà tí òrùlé wọ́ọ̀dù ń jò, tí wọ́n ń fi báàfù gbe omi láàárín ibùsùn méjì, ọkọ̀ náà ń kọjá. Nígbà tó lóyún àbíkẹ́yìn rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí, tí ọ̀gá rẹ̀ ní kó dúró nítorí pé àga kò tó, ọkọ̀ náà ń kọjá, àwọn èrò inú rẹ̀ sì gbé ìgbọ̀nwọ́ lé ojú fèrèsé. Kò bínú sí wọn. Bí wọ́n ṣe jókòó ló ń wò.

Má-rẹ́rìn-ín ti gbà láti lọ. Ó ti fa ṣọ́ọ̀bù fọ́tò lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Kámẹ́rà nìkan ló kù. Èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ ti pẹ́ lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé e dúró débi pé ìdè àárín wọn ti dípẹtà. Ẹni tó bá máa gbé e rìnrìn àjò, àfi kó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹsẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya gba ṣọ́ọ̀bù ìtakámẹ́rà lọ.

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ rọra ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Bàbá, irú ìrìn wo lẹ fẹ́ rìn?"

"Ìrìn ọdún kan."

"Fúùlù-fíréèmù ló yẹ yín." Ó tú lẹ́ǹsì kúrò lẹ́nu ọ̀kan, ó fi ohun pẹlẹbẹ tó ń dán nínú rẹ̀ hàn wọ́n. "Ẹ wò ó, ibí yìí ni ìmọ́lẹ̀ ń bà lé. Ó fẹ̀ tó fíìmù àtijọ́ gẹ́lẹ́. Tàwọn kámẹ́rà kéékèèké ò tó ìdajì ẹ̀. Bí ibi tẹ́ ẹ dé bá ṣú díẹ̀, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó bá wà, èyí á gbà á wọlé."

"Ilé tó bá fẹ̀ ni àlejò ti ń rí ibi sùn," ni Má-rẹ́rìn-ín wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Kì í ṣe ara kámẹ́rà ló ń dá èèyàn lọ́rùn, lẹ́ǹsì ẹ̀ ni. Ojú tó bá fẹ̀, lẹ́ǹsì tó sanra ló ń fẹ́. Ẹni tó máa rìn pẹ́, kó mú ẹyọ lẹ́ǹsì kan tó mọ níwọ̀n, kó máa fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ sún mọ́ ohun tó fẹ́ yà."

"Bí òjò bá pa á ńkọ́?"

"Wọ́n ti fi rọ́bà dí gbogbo ibi tí ara ẹ̀ ti so pọ̀."

"Eruku?"

"Rọ́bà yẹn náà ni."

"Bó bá já bọ́?"

"Ẹ má jẹ́ kó já bọ́, Bàbá."

"Bó bá jẹ́ èmi àti òun la jọ ṣubú?"

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wo nọ́ọ̀sì. "Màmá á gbé yín dìde."

"Ta ló máa wá gbé kámẹ́rà?"

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò ṣàdédé wá. Kámẹ́rà tó kọ́kọ́ ní, omi ló pa á, lọ́dún tí odò wọlé tó sì gun orí ibùsùn wọn. Èkejì kú mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi ìgbéyàwó kan, tọkọtaya kò tíì fi òrùka sọ́wọ́, bàbá ìyàwó sì ní kó dìde lórí àga kí ẹni tó wúlò lè jókòó. Títí dòní, Má-rẹ́rìn-ín rántí àwọ̀ àga náà. Pupa ni, apá rẹ̀ kan ti ya.

Òfin ṣọ́ọ̀bù yẹn ni pé oníbàárà lè gbé kámẹ́rà lọ yẹ̀ wò nílé, bó bá ti fi káàdì ìdánimọ̀ sílẹ̀. Ó dájú pé ẹni tó ṣe òfin náà kò tíì pàdé Má-rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀kan lọ, ó dá a padà. Ó gbé òmíràn lọ, ó dá a padà. Ó ń gbé wọn kọ́rùn gun àtẹ̀gùn, ó ń gbé wọn kọ́rùn gbálẹ̀, ó gbé wọn kọ́rùn sùn kó lè mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó. Balùwẹ̀ nìkan ni kò gbé wọn wọ̀, ìdí sì ni pé ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́.

Fún àwòrán tó fẹ́ fi dán wọn wò, aṣọ funfun ló ta sára ògiri pálọ̀, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ jókòó síwájú rẹ̀. Aṣọ kan náà, ìjókòó kan náà, ojú kan náà. Ó ní ọgbọ́n kọ́ ni kéèyàn fi òṣùwọ̀n méjì wọn ọjà méjì. Nígbà tí àbúrò nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ aránṣọ, yà kí wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá lórí àpótí, ó nà tọ́ọ́rọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀sùn kàn.

"Àǹtí mi, kámẹ́rà lọkọ yín ń wá ni, àbí ìyàwó kejì?"

"Ìyàwó kejì ì bá ti wọlé tipẹ́."

"Nígbà tó ń fẹ́ yín, ṣé bó ṣe yẹ̀ yín wò náà nìyí?"

Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni Má-rẹ́rìn-ín ti dá a lóhùn. "Nígbà yẹn, ẹyọ kan ló wà lórí àtẹ. Gbé àgbọ̀n sókè, ìyá wọn."

"Ẹ gbọ́ nǹkan tó sọ?"

"Mo gbọ́. Ó ní kí n gbé àgbọ̀n sókè."

Nígbà tó yá, àwọn àwòrán náà kún ògiri yàrá wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn, kò sì sí ọ̀kan tínú rẹ̀ dùn nínú wọn. Ọkọ rẹ̀ pè é wá síwájú wọn.

"Èwo lo rí pé ó dáa jù?"

"Èmi kan náà ni mò ń wò."

"Wo òjìji abẹ́ etí. Ti apá ọ̀tún yìí mọ́ ju tòkè lọ. Ṣùgbọ́n tòkè fúyẹ́ lọ́rùn. Wọ́n sì ní òmíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, mo rò pé ká ní sùúrù."

Nọ́ọ̀sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn tó gbà láti gba abẹ́rẹ́, àfi pé wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Bó bá rí ẹni tó ń sá, ó máa ń mọ̀ ọ́n. Ó jókòó sétí ibùsùn.

"Bàbá wọn, nínú gbogbo ẹ̀, èwo ni ò dáa?"

Má-rẹ́rìn-ín tún wo àwọn àwòrán náà lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kò sí èyí tí ò dáa."

"Kí ló wá dá wa dúró?"

Ó bọ́ kámẹ́rà lọ́rùn, ó nu lẹ́ǹsì tí kò dọ̀tí. "Àwọn èèyàn ló ń wá bá mi. Wọ́n á jókòó, màá sọ ohun tí wọ́n máa ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo lọ bá wọn níbi ìgbéyàwó, o mọ bó ṣe parí. Bí mo bá dé ìdí òkè ńlá kan, kí ni kí n sọ fún un? Kó gbé àgbọ̀n sókè?"

Nọ́ọ̀sì kò fi í ṣẹ̀sín. Òkè ńlá kọ́ ló ń ba obìnrin náà lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ibi tó kọjú sí i ṣófo.

"Mò ń lọ lọ́jọ́ Ajé," ló wí. "Mi ò fẹ́ dá lọ. Ṣùgbọ́n mò ń lọ."

"Kámẹ́rà ò tíì..."

"Mo mọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó di àpò méjì. Aṣọ ọkọ rẹ̀ ló wà nínú ọ̀kan, kò sì sọ fún un. Má-rẹ́rìn-ín gbé méjèèjì, kò béèrè ohun tí obìnrin kan fẹ́ fi àpò méjì ṣe. Ó ní òun kàn fẹ́ sìn ín dé téṣàn ọkọ̀ ojú irin ni, kóun tó dá kámẹ́rà tó wà lọ́rùn òun padà sí ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe èyí tó mọ́ jù, kì í sì í ṣe èyí tó fúyẹ́ jù. Òun ló kàn bọ́ sí ọjọ́ náà.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri téṣàn lọ́dà funfun ni. Díńgí ni wọ́n fi ṣe òrùlé, ìmọ́lẹ̀ ń ti òkè ibẹ̀ bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Alábàárù kan fẹ̀yìn ti ògiri náà, ó ń sinmi. Má-rẹ́rìn-ín gbé àpò sílẹ̀. Ó wo ọkùnrin náà, ó tún un wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú díẹ̀ lára ògiri. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹ má rẹ́rìn-ín."

Alábàárù náà kò ní in lọ́kàn tẹ́lẹ̀ láti rẹ́rìn-ín. Ó gbé àgbọ̀n sókè. Kámẹ́rà dún. Obìnrin kan tó pọnmọ ń kọjá lọ, ó dúró.

"Ṣé ibí ni wọ́n ti ń ya fọ́tò?"

"Ibí ni," ni Má-rẹ́rìn-ín wí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Obìnrin náà dúró sẹ́yìn alábàárù. Ọkùnrin kan dúró sẹ́yìn rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì tó rí ibi jókòó, ìlà ti gùn dé ìdí aago, ìjà sì ti wà nínú rẹ̀.

"Ẹ má gba iwájú mi o, ọ̀gbẹ́ni. Àárọ̀ ni mo ti wà níbí."

"Àárọ̀ wo? Àwa méjèèjì la jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì."

"Kí tiẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi fọ́tò yìí ṣe?"

"Bí wọ́n bá fẹ́ ká mọ̀, wọn ò ní ní ká tò."

Ọlọ́dẹ téṣàn dé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sí ìbàdí. "Ta ló fún yín láṣẹ?"

Má-rẹ́rìn-ín wò ó láti inú kámẹ́rà. "Fìlà," ló wí. Ọlọ́dẹ ṣí i.

Nọ́ọ̀sì jókòó sórí àpò, ó ń wò. Ó rí ọ̀gbẹ́ni kan tó de bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ mọ́nú ṣinṣin kó tó kojú lẹ́ǹsì. Ó rí obìnrin tó pọnmọ, tó yí ọmọ síwájú kí àwọn méjèèjì lè dọ́gba. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláìsàn máa ń ṣe bí dókítà bá ń bọ̀, ojú ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun bóun ṣe jẹ́. Lẹ́yìn náà ló rí ohun tí kò rí rí. Ìyá arúgbó kan wà lórí bẹ́ǹṣì lọ́ọ̀ọ́kán, kò lè tò, ó kàn ń na ọrùn wò wọ́n. Má-rẹ́rìn-ín fi ìlà sílẹ̀. Ó rìn lọ bá a, ó lóṣòó síwájú rẹ̀ láàárín ẹrù àwọn èèyàn.

"Ìyá, ẹ má rẹ́rìn-ín."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. Kò léyín kankan lẹ́nu. Má-rẹ́rìn-ín dúró dè é títí ó fi rín in tán, ó wá yà á, ó yí ẹ̀yìn kámẹ́rà sí i kó wò ó.

"Èmi nìyí," ni ìyá náà wí.

Ní gbogbo ìgbà tó ti ń ya pásípọ́ọ̀tù, kò sí oníbàárà tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dìde kúrò ní ìlóṣòó. Lẹ́yìn náà, ó yọ fóònù, ó pe ṣọ́ọ̀bù.

"Mo ti yan kámẹ́rà."

Nọ́ọ̀sì ń gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin náà láti ibi tó wà. "Ọlọ́run ṣeun, Bàbá. Èwo ni?"

"Èyí tó wà lọ́rùn mi. Àbúrò mi á wá bá yín parí ẹ̀."

"Káàdì ìdánimọ̀ yín wà lọ́dọ̀ wa o."

"Ẹ fún un. Mi ò fẹ́ràn fọ́tò inú ẹ̀."

Fèèrè ọkọ̀ dún lókèèrè. Nọ́ọ̀sì ti dé ojú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé ẹ ti ya fọ́tò, Màmá?" ni akọ̀wé inú rẹ̀ bi í. "Wọ́n ní ó ti di dandan."

"Mo ti yà á."

"Tíkẹ́ẹ̀tì mélòó?"

Ó ṣí àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn, àpò méjèèjì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá wọn, ìlú tí ọkọ̀ yìí máa kọ́kọ́ dúró sí, ṣé wọ́n ní ògiri funfun níbẹ̀?"

"Ìlú wo ni ò ní ògiri?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Méjì," ni nọ́ọ̀sì wí fún akọ̀wé. "Kí ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tèmi nìyẹn."

Wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kọjá lọ síbi tí ọkọ̀ ti ń dúró. Ìlà tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ọlọ́dẹ náà wà lórí ìlà, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé fọ́tò yíyà ti tán.