Gíláàsì Sìgá Tó Wà fún Àlejò

Ọkọ mi, Pak Tukiran, kò fi sìgá kan ẹnu rí. Ní àdúgbò wa lẹ́yìn ìlú Kudus, níbi tí ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń fi ọwọ́ wé sìgá oníkànáfùrù jẹun, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi di olórí àdúgbò, wọn ò sì tíì ṣíwọ́. Òun náà ò jẹ́ kí wọ́n gbàgbé. Bó bá ti rí ẹni tó ń wúkọ́ báyìí, á yan kọjá níwájú onítọ̀hún, á mí kanlẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wa Palupi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì Semarang wá gé irun àwọn ọmọ ọwọ́ ládùúgbò, ilé wa ni wọ́n kọ́kọ́ yà. Èéfín sìgá tí ọmọ bá fà símú máa ń sá pamọ́ sínú irun rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi irun àwọn ọmọ tó wà nílé amusìgá wé ti àwọn tí ilé wọn mọ́. Wọ́n béèrè pé, “Ta ló ń mu sìgá nínú àwọn tó ń gbé ilé yìí?”

“Kò sí!” Ọkọ mi pariwo rẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọ̀nà gbọ́. Wọ́n gé irun díẹ̀ lórí Kinasih, ọmọ ọmọ wa, wọ́n sì kà wá mọ́ ilé tó mọ́.

Àṣé wàhálà ń bọ̀. Nígbà tí èsì dé, sìgá tó wà nínú irun Kinasih ju ti àwọn ọmọ amusìgá lọ. Bu Hapsari, ọ̀gá wọn, sọ pé Palupi ti da irun pọ̀ mọ́ra wọn. Ọmọ mi gé òmíràn, bákan náà ni. Ọ̀gá bá ní bí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ tó ti ka ìwé títí ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́! Inú bí mi débi pé mo jẹ́ kí ìrẹsì jóná.

Mbah Wiryo, bàbá àgbà tó múlé tì wá, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì rí ohun fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Tukiran! Níbo lo ti ń lọ mu ún? Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni àbí orí igi?”

Ọjọ́bọ̀ ni Palupi wálé, ọjọ́ tí àwọn ọkùnrin máa ń wá ka Yasin nílé wa lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́. Wọ́n kún orí ẹní. Mo gbé kọfí kalẹ̀, mo gbé tempe díndín tí a fi ẹ̀wà sóyà ṣe kalẹ̀, mo sì gbé gíláàsì tí mo to sìgá sí sáàárín wọn, bí ìyá mi ti ṣe, bí ìyá rẹ̀ náà ti ṣe. Àlejò tí a kò gbé sìgá fún, a ò kí i káàbọ̀ nìyẹn. Láìpẹ́, èéfín bo iná mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Kinasih ń sùn nínú aṣọ tí a fi so jangirọ́fà fún un, ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀.

Palupi dúró lẹ́nu ọ̀nà ìdáná. Ó wo gíláàsì, ó wo aṣọ ìkélé.

“Ìyá, ta ló ra sìgá yẹn?”

“Bàbá rẹ ni. Ta ni ìbá tún rà á?”

“Bàbá tí kì í mu sìgá?”

“Ṣé ìwọ náà ò mọ̀ pé ti àlejò ni?”

Ó bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyá, ìbéèrè wa ni kò dáa. A béèrè ẹni tó ń gbé ibí tó ń mu sìgá. A ò béèrè ẹni tó ń wá mu ún níbí! Inú ilé yìí ni wọ́n bí mi sí, èmi náà ò rí i.”

Láàárọ̀ ó sọ fún bàbá rẹ̀. Ọkọ mi fárí gá. “Kí n ní kí àlejò má mu sìgá? Kí wọ́n pè mí ní ahun?”

“Bàbá, mi ò ní kí ẹ lé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró Kinasih ò mọ onílé yàtọ̀ sí àlejò.”

Ọkọ mi lọ dúró ti àdàbà rẹ̀ nínú àgò, ó ń súfèé sí i. Ara mi ò gbà á mọ́. “Bàbá Palupi, ọmọ yín ni wọ́n ń pè ní aláìmọ̀ṣẹ́, àdàbà lẹ ń bá sọ̀rọ̀! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ o.”

Lọ́jọ́ ayẹyẹ tí Kinasih máa kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, gbogbo àdúgbò pé. Ọkọ mi ti ránṣẹ́ pe Bu Hapsari láìsọ fún wa, ìyẹn sì jókòó láàárín àwọn obìnrin. Gíláàsì wà láàárín ẹní. Mbah Wiryo na ọwọ́ sí i, ẹ̀pà ló fà yọ.

“Tukiran, ṣé ọ̀bọ lo pè wá ni?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó fa sìgá tirẹ̀ yọ lápò, ó ṣáná.

Ọkọ mi dìde, ó tẹrí ba fún un. “Mbah, ẹ forí jì mí. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mi ò mu sìgá rí láyé mi. Ọmọ yìí, tí ò tíì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ti ń mu ún. Ilé mi ló ti ń mu ún, láti inú gíláàsì tí èmi fúnra mi ń rà kún. Ọmọ mi Palupi ló wá a rí. Bu Hapsari, wọ́n ní ó ṣi iṣẹ́ ṣe. Kò ṣi nǹkan kan ṣe.”

Orí mi wú. Ọkùnrin tí kì í lè sọ fún àlejò pé ilẹ̀ ti ṣú! Bu Hapsari dìde níbi tó wà, ó lọ di ọwọ́ Palupi mú lójú gbogbo èèyàn.

Iná ìṣáná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó Mbah Wiryo lọ́wọ́. Ó jù ú nù, ó gbára lé orúnkún rẹ̀ dìde. “Ẹ gbé kọfí mi tẹ̀ lé mi sábẹ́ máńgòrò. Ọmọ tí kò léyín ò ní bá mi pín sìgá mi.” Àwọn yòókù tẹ̀ lé e jáde, wọ́n ń kùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A sì gbé ẹsẹ̀ Kinasih lé ilẹ̀.

Nígbà tí àkókò òjò tún padà dé, olùwádìí obìnrin kan wá sílé wa. Ó ka ìbéèrè inú ìwé rẹ̀ jáde pé, “Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ń mu sìgá nínú ilé yìí, ìbáà jẹ́ onílé tàbí àlejò?”

“Tún un kà,” ni ọkọ mi wí. “Kà á sókè. Ọmọ mi ló kọ ìyẹn.”

Mbah Wiryo ké láti ẹ̀yìn ọgbà pé, “A ti gbọ́, Tukiran! Àdàbà rẹ pàápàá ti mọ̀ ọ́n kà!”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ìdáhùn yín ńkọ́, Bàbá?”

“Kò sí!” Ó pariwo rẹ̀ gan-an bíi ti àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni.